Ìwọ́de, Ayélujára àti Ọwọ́ Ìjọba: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́jáde Mọ̀

  Bí a ti ń ronú ohun tí a lè kọ tí yóò ṣe ìdílé láǹfààní, a rí i pé kò sí ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi wá lẹ́yìn ìsìn lóde òní tí ó pọ̀ tó ti fóònù ọmọ. Wọn a ní, "Bàbá, ọmọ yìí ń gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú sórí ayélujára tọ̀sán-tòru. Ṣé wọn kò ní wá gbé e?" Ẹlòmíràn a ní, "Bàbá, ó ní òun fẹ́ lọ síbi ìwọ́de tí wọ́n pè lórí fóònù. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. A fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ayélujára ṣe di agogo tí a fi ń pe ìwọ́de, ọ̀nà tí ìjọba ń gbà láti di agogo náà mú, àti ohun tí ó yẹ kí ọmọ tí a tọ́ nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run ṣe láàárín méjèèjì. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ìdákẹ́ kọ́ ni ó yẹ kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀rí òtítọ́ ni ó yẹ kí a fi kọ́ wọn, nítorí pé irọ́ tí àwa aráàlú ń pín fúnra wa ni ìjọba fi ń wá àwáwí nígbà tí ó bá fẹ́ pa olóòótọ́ lẹ́nu mọ́.

Ìjà àtijọ́ ni

Ẹni tí ó bá rò pé orí Facebook ni ìjà láàárín aláṣẹ àti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì ka ìtàn Èkó. Ní ọdún 1859, Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Inú ọgbà ìjọ Ọlọ́run ni ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ti jáde. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ Èkó tí ilé-ìwé míṣọ́nnárì kọ́ ní ìwé dá ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń bi ìjọba àmúnisìn ní ìbéèrè tí kò bá a lára mu.

Ìjọba náà kò dákẹ́. Ní ọdún 1903, ní àkókò Gómìnà William MacGregor, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn ní Èkó gbọ́dọ̀ fi 250 pọ́n-ùn ṣe ìdúró. Owó gọbọi ni nígbà náà, kì í ṣe ohun tí gbogbo onítẹ̀wé lè rí. Ní ọdún 1908, àwọn ará Èkó fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó omi ẹ̀rọ tí ìjọba fẹ́ bù lé wọn lórí. Nígbà tí ó di ọdún 1909, Gómìnà Walter Egerton mú òfin mìíràn wá tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti sọ tàbí láti kọ ohun tí ó lè mú kí aráàlú kórìíra ìjọba. Ní ọdún 1916, wọ́n fi James Bright Davies, olóòtú ìwé ìròyìn ní Èkó, sí ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ. Síbẹ̀, ìwé ìròyìn kò parun. Orúkọ tí àdúgbò wa ń jẹ́ pàápàá kò ṣàjèjì nínú ìtàn yìí, nítorí pé agbẹjọ́rò Adéyẹmọ Alákijà wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Daily Times sílẹ̀, ìwé ìròyìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1926.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti dàgbà ni ó rántí ọdún 1984. Ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ṣe Òfin Kẹrin, èyí tí wọ́n ní yóò dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Òfin náà ni wọ́n fi rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan kọ̀ọ̀kan nítorí ìròyìn tí wọ́n kọ nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú wa ní òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí orúkọ tí wọ́n fún òfin ọdún 1984 yẹn. Wọn kò ní àwọn fẹ́ pa òtítọ́ lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá èké dúró. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí títí di òní. Kò sí ìjọba kan tí yóò jáde wí pé òun kò fẹ́ kí a sọ òtítọ́. Yóò ní àlàáfíà ìlú ni òun ń ṣọ́, tàbí pé irọ́ ti pọ̀ jù. Ọgbọ́n wa ni láti mọ ìgbà tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ àti ìgbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí fóònù ṣe ń pe ogunlọ́gọ̀

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan sì fò láti náírà 65 sí náírà 141. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ogunlọ́gọ̀ ti kún pápá Gani Fawehinmi ní Ojota. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó pe ìyanṣẹ́lódì, ṣùgbọ́n orí Facebook àti Twitter ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbọ́ ibi tí a ó ti pàdé. Ìjọba dín owó náà kù sí náírà 97. Àwọn ọ̀dọ́ rí i pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àti pé fóònù lè kó ọwọ́ jọ.

Èyí tí ayé kò lè gbàgbé ni ti ọdún 2020. Ọdún 1992 ni a dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS sílẹ̀ láti kojú adigunjalè. Nígbà tí ó yá, ẹkún àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà ń dá wọn dúró lójú títì nítorí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n mú dání, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n, àwọn kan sì ń kú sọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ayélujára lábẹ́ àmì #EndSARS. Ìjọba ṣèlérí àtúnṣe léraléra, ṣùgbọ́n ẹkún kò dá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fọ́nrán kan láti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta gba orí ayélujára kan, wọ́n sì ní àwọn SARS ni ó yìnbọn lu ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Àbújá àti ìlú púpọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá kéde pé a ti tú SARS ká.

Báwo ni nǹkan ṣe yára tó bẹ́ẹ̀? Àmì # tí àwọn ọmọ wa ń kọ síwájú ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní háṣítáágì, dà bí agogo akéde. Gbogbo ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àmì kan náà, ibì kan náà ni ẹ̀rọ yóò kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sí. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìkànnì náà a máa wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ jù, tí wọ́n ń fèsì sí jù, tí wọ́n sì ń pín jù, a sì gbé e síwájú àwọn mìíràn tí kò béèrè fún un rárá. Báyìí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ughelli ṣe ń dé Festac kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Iṣẹ́ fóònù kò mọ sórí ìpè nìkan. Orí ayélujára náà ni wọ́n ti ń dá owó. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tí a ń pè ní Feminist Coalition gba ohun tí ó ju mílíọ̀nù 147 náírà lọ, wọ́n sì ń kéde ní gbangba bí wọ́n ṣe ń ná an lórí oúnjẹ, ìtọ́jú aláìsàn àti ọ̀ràn àwọn tí ọlọ́pàá tì mọ́lé. Orí rẹ̀ náà ni agbẹjọ́rò ti ń mọ àgọ́ ọlọ́pàá tí ó yẹ kí òun lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fóònù di ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde kónílégbélé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní ibùdó owó ibodè Lekki níbi tí àwọn olùwọ́de jókòó sí. Olórin tí a mọ̀ sí DJ Switch ń fi ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀ lórí Instagram, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì ń wò ó. Àwọn ológun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà pé àwọn wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Doris Okuwobi fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wé ìpakúpa; ìjọba kò gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe fọ́nrán, kì bá tí sí àríyànjiyàn rárá. Ọ̀rọ̀ aláṣẹ nìkan ni ìtàn ì bá gbà.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà

Àwọn baba wa ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó ọwọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹ̀rọ tí a ṣàlàyé yìí kò mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tí ó ń ru ìbínú tàbí ẹ̀rù sókè ni ènìyàn ń yára pín, nítorí náà ohun náà ni ẹ̀rọ ń gbé kiri.

A ti rí èso rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí fóònù ní òru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ìdílé onígbàgbọ́ púpọ̀ ni ó jí ọmọ wọn lójú oorun láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kò ní èrò ibi. Ìfẹ́ ẹbí ni ó mú wọn ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí a kò wádìí ṣe di ikú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 náà, àwòrán àtijọ́ àti àwòrán ilẹ̀ mìíràn ń kiri bí ẹni pé Èkó ni wọ́n ti yà wọ́n lánàá. Ní ọjọ́ kejì ìbọn Lekki, ìbínú gba ìgboro. Wọ́n dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga ní Igbosere, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TVC, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Nation àti bọ́ọ̀sì ńlá ìjọba ní Oyingbo, wọ́n sì ya wọ Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó pe ìwọ́de kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjóná yìí, ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ẹkún ọ̀dọ́ rí ohun tí wọn yóò nàka sí.

Ọ̀nà tí ìjọba ń gbà

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó hàn jù.

Èkínní ni pé kí a ti ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa kọ nínú yàrá gbọ́dọ̀ gba orí òpó MTN, Airtel, Glo tàbí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá kí ó tó dé òkè òkun níbi tí ẹ̀rọ Twitter wà. Ọwọ́ ìjọba ni ìwé àṣẹ àwọn ilé-iṣẹ́ olópòó yìí wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé rẹ́, wọ́n ní ó tàpá sí òfin àwọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, Mínísítà Lai Mohammed kéde pé a ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Orí Twitter náà ni iléeṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbé ìkéde náà jáde. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn olópòó kí wọ́n ti ọ̀nà. Agbẹjọ́rò Àgbà, Abubakar Malami, ní kí wọ́n pe ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà lẹ́jọ́. Ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn ọjọ́ 222.

Láàárín àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́ ohun tí ń jẹ́ VPN. Ó dà bí ẹni tí wọ́n dí ojú títì mọ́, tí ó wá gba inú ọgbà aládùúgbò jáde sí òpópónà kejì. Ẹni tí ń ṣọ́ ojú títì kò ní mọ ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ èyí pẹ̀lú: ẹni tí ó ni ọgbà náà lè máa wo ẹrù tí a rù kọjá, pàápàá bí kò bá gba owó kankan lọ́wọ́ wa.

Títì márosẹ̀ tí ó gba iwájú Alákijà kọjá sí Badagry ni a ń tọ̀ dé Sẹ̀mẹ̀, ibodè orílẹ̀-èdè Benin. Lẹ́yìn ibodè yẹn, wọ́n ti ṣe ju ti wa lọ. Ní ọdún 2018, ìjọba Benin bu owó-orí lé Facebook, WhatsApp àti irú wọn, fránkì 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú fi ẹ̀hónú hàn lórí ayélujára kan náà, ìjọba sì fagi lé e kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò sí ilé aṣòfin, wọ́n ti ayélujára pa ní Benin. Togo ti ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 nígbà tí àwọn ará ìlú ń wọ́de sí Ààrẹ Faure Gnassingbé. Nígbà tí a bá ti ayélujára pa báyìí, ẹnu olùwọ́de nìkan kọ́ ni a dì. Ìyá tí ń retí owó láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, oníṣòwò tí ń gba owó lórí fóònù, àti dókítà tí ń pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni òfin àti ọlọ́pàá. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015 ni a ń lò jù, pàápàá abala 24 rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, ẹni tí ó bá fi ohun tí ó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti bí ẹlòmíràn nínú tàbí láti ni ín lára lè san owó ìtanràn tí ó tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ta ni yóò wọn ìbínú? Àwọn akọ̀ròyìn àti ọ̀dọ́ tí ó kọ̀wé sí gómìnà tàbí sí olówó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ní àtìmọ́lé. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ó sì pàṣẹ kí a tún un ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n tún un kọ. Ní báyìí, yàtọ̀ sí àwòrán ìṣekúṣe, ohun tí ó kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ó sì fi í ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń lo òfin ni ìyà wà kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá láti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì àwọn ènìyàn 19 àti ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní ọwọ́ nínú ìwọ́de #EndSARS. Ẹni tí kò bá rí owó rẹ̀ gbà yóò rọra dákẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìkànnì. Kí ìjọba tó ṣí Twitter, ó ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n yan aṣojú, kí wọ́n sì máa san owó-orí. Kò burú kí àlejò tí ń jẹ lára wa san owó-orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn náà ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nígbà tí ó bá wù wọ́n, a kò sì dìbò yàn wọ́n. Ẹni tí ó kọ́ ilé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀ ayálégbé kí ó mọ̀ pé onílẹ̀ wà.

Ìgbà wo ni ìjọba jàre?

A kì í ṣe ẹni tí ó gbà pé kí ìjọba ká ọwọ́ gbera. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń jẹ owó opó lórí ayélujára, àwọn oníṣekúṣe ń dọdẹ ọmọdé, àwọn kan sì ń pe ẹ̀yà kan láti pa ẹ̀yà kejì. Bí ìjọba bá dákẹ́ sí èyí, ó ti jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé e lọ́wọ́. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò wa ní abala 39, ó sì gbà ní abala 45 pé òfin lè pààlà sí i nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a lè fi wọn ìwà ìjọba. Ṣé òfin tí a kọ sílẹ̀ kedere ni ó tẹ̀ lé? Ṣé ewu gidi ni ó fẹ́ dènà? Ṣé ìdènà náà mọ ní ìwọ̀n ewu náà, àbí ó fi òkúta ńlá pa eṣinṣin? Nígbà tí ẹjọ́ Twitter dé iwájú Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022 pé ìdádúró náà tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀, kò sì ní òfin lẹ́yìn. Ó ti dájọ́ bákan náà lórí Togo ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Twitter dúró, Pásítọ̀ E. A. Adébóyè ti ìjọ Ìràpadà kọ ọ̀rọ̀ sórí ìkànnì náà, ó ní ìjọ òun wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 170 lọ, àti pé Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni òun dúró lé. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì dákẹ́.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá

Ìtàn méjì nínú Bíbélì ni a rò pé ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Nínú ìwé Jeremáyà orí 36, ọba Jèhóíákímù ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé wòlíì sí i létí, ó ń fi ọ̀bẹ gé e, ó sì ń jù ú sínú iná títí ìwé náà fi jóná tán. Jeremáyà àti Bárúkù kọ òmíràn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Ọba sun ìwé, kò lè sun òtítọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn yìí wà fún ìjọba.

Èkejì wà fún àwa aráàlú. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ogunlọ́gọ̀ kún gbàgede Éfésù, wọ́n pariwo fún bíi wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ péjọ. Akọ̀wé ìlú ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́: ó rán wọn létí pé ilé-ẹjọ́ wà, àti pé wọ́n lè pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí rúkèrúdò ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì láti pín ohun tí kò kà tán ti bá wọn jókòó ní Éfésù.

Kí ni kí a wá ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìjọba. Ẹ jókòó tì í. Ẹ kọ́ ọ pé òfin kẹsàn-án tí ó ka ẹ̀rí èké léèwọ̀ kò yọ WhatsApp sílẹ̀. Kí ó tó pín ọ̀rọ̀ kan, kí ó béèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ọjọ́ wo ni? Ibo ni wọ́n ti ya àwòrán náà? Ṣé ilé-iṣẹ́ ìròyìn tí a mọ̀ ti gbé e? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ òun. Láti ọdún 2020, WhatsApp pàápàá kò jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ tí ó ti kiri púpọ̀ ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀, kí ẹ mọ̀ pé ọjà tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá ni.

Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, kí ó jẹ́rìí sí ohun tí ó rí, kí ó má fi ohun tí ó gbọ́ kún un. Kí ó tọ́jú fọ́nrán náà bí ó ti wà, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Kí ó bo ojú ọmọdé àti ti ẹni tí wọ́n fìyà jẹ kí ó tó fi han ayé. Bí ó bá fẹ́ bá gómìnà tàbí alága ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin wí, kí ó sọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe, kí ó má bú ìyá tí ó bí wọn tàbí ẹ̀yà tí wọ́n ti wá. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹ̀rí lẹ́yìn kì í ní èébú nílò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ jẹ́ agbẹjọ́rò, akọ̀ròyìn àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń fẹ́ yín. Ẹ wá fún àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wákàtí kan lórí òfin tí a kà sókè yìí. Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń wádìí àwòrán. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ wa kan nítorí òtítọ́ tí ó kọ, kí ó mọ nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan tí ó ti jókòó nínú kíláàsì kan náà rí.

Fún òbí tí ó béèrè pé ṣé wọn kò ní wá gbé ọmọ òun, ìdáhùn wa ni pé a kò lè fi ẹ̀rí dá a lójú. Wọ́n gbé James Bright Davies, wọ́n sì gbé Thompson àti Irabor. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ òtítọ́ tí ó sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ilé-ẹjọ́, ìjọ Ọlọ́run àti ìtàn lẹ́yìn. Ẹni tí ó pín irọ́ kò ní ẹnìkan lẹ́yìn, ó sì ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀ àti sùúrù láti wádìí. Àmín.